Ẹ Bi Wá: Bàbá Fi Oko Kòkó Sílẹ̀, Ta Ló Máa San Owó Orí Ẹ̀?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ owó orí àwọn oníṣọ́ọ̀bù nínú ìwé tó kọjá, ìbéèrè tó ń wọlé jù ni ti ogún oko, ó sì yé mi dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkìtì níbí, ọ̀pọ̀ bàbá ni ò ní nǹkan kan ní báǹkì, oko ni báǹkì wọn, kòkó lọ́nà Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, obì, ọ̀pẹ, ìrẹsì lọ́wọ́ Ìgbẹmọ, iṣu tá à ń gún níyán níbi gbogbo. Tí bàbá bá wá kú, kí wọ́n tó ṣe ogójì ọjọ́ tán, gbogbo ẹbí ti di lọ́yà. Mo mú márùn-ún nínú ìbéèrè yẹn. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ìlú nìkan ni mo kọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi oko kòkó bí éékà mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún àwa ọmọ márùn-ún. Níbi ìnáwó òkú ni àbúrò bàbá wa kan ti sọ pé géfúmẹ́ǹtì máa ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ogún, pé tá ò bá tíì san án ká má pín nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà wá, ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Oníkòkó, Ìsẹ̀-Èkìtì

Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣòótọ́. Àmọ́ mi ò ní bá bàbá yẹn jà, torí mo mọ ibi tó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ọ. Lọ́dún 1979 ìjọba ológun ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Capital Transfer Tax, owó orí lórí dúkìá tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ì báà jẹ́ ẹ̀bùn, ì báà jẹ́ ogún. Wọ́n fagi lé e lọ́dún 1996, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì lára Oǹdó, ìyẹn ni pé bí ìpínlẹ̀ wa ṣe ń wọ ayé ni òfin yẹn ń jáde. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ò dá a padà. Ọmọ tó jogún oko bàbá ẹ̀ ò jẹ géfúmẹ́ǹtì ní kọ́bọ̀ kan nítorí pé ó jogún.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni owó kóòtù. Tí bàbá bá lówó ní báǹkì, tàbí tí ilẹ̀ ẹ̀ ní C of O (ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀), báǹkì ò ní dá yín lóhùn àyàfi tẹ́ ẹ bá mú ìwé wá láti ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní Háì Kóòtù l'Ádó. Tí bàbá bá ṣe wíìlì, probate ni wọ́n á fún yín, tí kò bá ṣe é, letter of administration ni. Ẹ máa san owó lórí ìwé yẹn, bí dúkìá bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe máa pọ̀ tó, àmọ́ kì í ṣe owó orí, owó iṣẹ́ kóòtù ni. Kí ẹ sì gba rísíìtì ìjọba, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan kọ sórí bébà fún yín lẹ́nu géètì. Oko tó jẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ la fi ń jẹ ẹ́, tí ò níwèé kankan, ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń pín in nílé láì dé kóòtù rárá.

Níbo wá ni owó orí wà? Inú kòkó yẹn gan-an ló wà, ìyẹn owó tó ń ti oko jáde lẹ́yìn tí bàbá ti lọ. Èyí làwọn èèyàn kì í rò. Owó kòkó tẹ́ ẹ bá tà ní ọdún yìí owó yín ni, owó tó sì wọlé fún èèyàn ni owó orí ń tẹ̀ lé. Òfin tuntun sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún ẹnì kan lọ́dún, òfo ni, wọn ò gba nǹkan kan lórí ẹ̀. Mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18, ó sì ń gùn lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25.

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣírò. Ká ní lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ owó lébìrà, kẹ́míkà, àpò àti mọ́tò (ẹ yọ ọ́ o, ó tọ́ sí yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé), mílíọ̀nù mẹ́rin ló kù. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá gba gbogbo ẹ̀ bíi pé tiẹ̀ nìkan ni, ₦330,000 lórí apá kejì, ₦180,000 lórí mílíọ̀nù kan tó kù, àpapọ̀ ₦510,000. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ pín in sí márùn-ún lóòótọ́, ₦800,000 kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹni náà ò bá sì ní owó míì tó ń wọlé, kò sí nǹkan tó máa san. Ẹni tó jẹ́ tíṣà nínú yín máa ro ìpín tiẹ̀ mọ́ owó oṣù ẹ̀, tiẹ̀ á yàtọ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè, òótọ́ ibẹ̀ ni pé oko náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ ṣáà ti kọ ọ́ sílẹ̀ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin owó orí ti sọ ọ́ tipẹ́ pé tí owó ẹbí bá dàpọ̀ tí wọn ò lè ya ìpín oníkálukú sọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ tí ẹni tó kọ́kọ́ máa ń gba owó náà ń gbé ló ni owó orí ẹ̀. Kòkó Ìsẹ̀ wá hù ní Ìsẹ̀, wọ́n ká a ní Ìsẹ̀, wọ́n sá a ní Ìsẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń gba owó ń gbé Ìkẹjà, Èkó ló máa jẹ owó orí ẹ̀! Ẹ pín in, kí Èkìtì náà lè rí nǹkan.

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ mọ̀, bàbá wa ní ìyàwó mẹ́ta. Ìyá mi bí èmi nìkan, ìyàwó kejì bí mẹ́ta, ẹ̀kẹta bí mẹ́fà. Wọ́n ní oko máa pín sọ́nà mẹ́wàá, èmi ní ọ̀nà mẹ́ta ni. Ta ló jàre, àti pé báwo ni owó orí ṣe máa rí? — Ọmọ Ìyálé, Ẹmùré-Èkìtì

Ẹ dúró ná, iṣẹ́ lọ́yà lẹ gbé fún mi yìí, èmi aṣírò owó lásán. Ṣùgbọ́n mo máa sọ èyí tó dá mi lójú. Èyí tí ẹ̀yin ń sọ là ń pè ní ìdí-igi, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan, èyí táwọn ń sọ ni orí-ò-jorí, orí kọ̀ọ̀kan gba ìpín tiẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tó gbajúmọ̀ lórí ẹ̀, Dawodu àti Danmole, bàbá kan l'Ékòó tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, tí ẹjọ́ náà lọ títí dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù òyìnbó tó ń parí ẹjọ́ wa nígbà náà, lọ́dún 1962 wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tí a máa ń bá bẹ̀rẹ̀, pé orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá wà, tí olórí ẹbí bá rí i pé òun ló máa mú àlàáfíà wá. Nítorí náà ẹ̀yin lẹ ní ẹsẹ̀ òfin tó lágbára níbi àṣà, ṣùgbọ́n olórí ẹbí ní ẹnu níbẹ̀. Àti pé tó bá jẹ́ pé kóòtù ni bàbá yín ti fẹ́ ìyàwó, òfin ìpínlẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń pín ogún lè dá sí i, ẹ lọ bi lọ́yà.

Ti owó orí ò le. Bí wọ́n bá ṣe pín in náà ni yóò ṣe rí. Ìdí-igi túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́ta oko lọ́wọ́ yín nìkan, owó ìdá mẹ́ta yẹn sì ni ẹ máa ṣírò fún owó orí, àwọn mẹ́fà tó jẹ́ ti ìyàwó kẹta á fi ìdá mẹ́ta tiwọn pín sọ́nà mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kí ìpín ẹnikẹ́ni nínú wọn má tiẹ̀ ju ₦800,000 lọ. Ẹni tó gbé ilẹ̀ tó pọ̀ lọ náà ló máa gbé ẹrù owó orí lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní tìtorí ìyẹn yí ohùn padà.

Ẹ̀gbọ́n mi, àwa mẹ́ta la jogún oko bàbá wa tó wà lẹ́bàá títì. Ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀ ní òun máa fún wa ní mílíọ̀nù 24. Ẹ̀jẹ́ǹtì ní ká kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá sínú ìwé kí owó orí má bàa pọ̀. Kí lẹ rí sí i? — Tèmitọ́jọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo rí i pé ẹ̀jẹ́ǹtì yín fẹ́ fi yín ṣòwò.

Ibí yìí gan-an ni owó orí ti ń dé sí oko ogún, ìgbà tẹ́ ẹ bá tà á. Tẹ́lẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú èrè ni, ẹyọ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ olówó ì báà jẹ́ tálákà. Láti oṣù kìíní 2026, èrè tí èèyàn bá jẹ lórí títa ilẹ̀ ti wọ inú owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, ìṣirò tí mo ṣe fún àwọn ará Ìsẹ̀ lókè yẹn náà ni wọ́n máa fi ṣe é. Ẹ ṣàkíyèsí pé èrè ni mo sọ, mi ò sọ pé gbogbo mílíọ̀nù 24.

Èrè ni iye tẹ́ ẹ tà á, ẹ yọ iye tí ilẹ̀ náà dúró lé lọ́wọ́ yín, ẹ yọ owó tẹ́ ẹ fi tún un ṣe, owó lọ́yà, owó ẹ̀jẹ́ǹtì, owó sọ̀féyọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí iye tí ilẹ̀ dúró lé yẹn, torí náà ìwé méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá jáde. Èkíní, ìwé tí bàbá fi ra ilẹ̀, tó bá jẹ́ pé rírà ló rà á. Èkejì, iye tí ilẹ̀ náà tó nígbà tí bàbá kú, kí ẹni tó ń díye lé dúkìá tó sì ní ìwé àṣẹ kọ ọ́ fún yín, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì. Tẹ́ ẹ bá ti lọ kóòtù gba letter, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ iye kan síbẹ̀. Ká ní iye tí wọ́n gbà jẹ́ mílíọ̀nù 15, ìnáwó títà mílíọ̀nù kan ààbọ̀, èrè jẹ́ mílíọ̀nù méje ààbọ̀, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́ta. Ẹni tí ò ní owó míì tó ń wọlé, ẹ yọ ₦800,000 kúrò, mílíọ̀nù 1.7 ló kù, ìdá 15 ẹ̀ jẹ́ ₦255,000. Kò pọ̀ tó bí ẹ̀rù ṣe ń bà yín.

Ẹ̀yin ò rí ìwé? Inú mi ò dùn láti sọ èyí, àmọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Bàbá tèmi náà ra àkùrọ̀ kan kí n tó wọ ilé ìwé gíga, ó ká rísíìtì ẹ̀ sínú Bíbélì, nígbà tá a máa fi rí i eku ti jẹ ibi tí iye owó wà, ọjọ́ tá à ń tà á la wá ń wá ẹni tó jẹ́rìí sí i, èyí tó wà láyé nínú wọn ti gbàgbé. Owó tá a san ju èyí tó yẹ lọ. Kódà ẹni tó bá ń gbìn kòkó tuntun síbẹ̀, tó gbẹ́ kànga, tó ṣe ọ̀nà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa dín èrè kù.

Ti kí wọ́n kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá, ẹ má ṣe é. Irọ́ ni lọ́wọ́ òfin, àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó rà á náà ló tún máa jìyà ẹ̀ lọ́la, torí mílíọ̀nù mẹ́wàá ló wà nínú ìwé ẹ̀, tó bá tún tà á ní mílíọ̀nù 40, èrè mílíọ̀nù 30 ni wọ́n máa bá a ka. Tí àríyànjiyàn bá sì dé kóòtù, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dá owó padà, mílíọ̀nù mẹ́wàá lẹ gbà lójú ìwé, báwo lẹ ṣe fẹ́ jiyàn?

Kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onílé epo, ẹ wo ẹni tó ní àṣẹ láti tà. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tí wọn ò tíì pín, kóòtù gíga jù ti sọ ọ́ látọdún 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika pé tí olórí ẹbí bá tà láì bá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, wọ́n lè fagi lé títà yẹn, àmọ́ tí ẹlòmíì bá tà láìsí olórí ẹbí ńkọ́, títà ò sí rárá, bíi pé ẹ ò tíì tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Land Use Act ti 1978, ilẹ̀ tó ní C of O, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilẹ̀ oko tá à ń fi àṣà jẹ, ọ̀dọ̀ lókà ni àṣẹ wà. Èyí náà ní owó tiẹ̀ tó yàtọ̀ sí owó orí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sì fi èrè ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù owó orí ẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. NIN yín ni nọ́ńbà owó orí yín báyìí, torí náà ẹ má ronú pé wọn ò mọ̀ yín.

Ẹ̀gbọ́n, Houston ni mo ń gbé, mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Bàbá mi tó ń gbé Òmùò kú, ó fi oko ọ̀pẹ àti ilé méjì sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn IRS (agbowó orí Amẹ́ríkà) máa gba ìdá ogójì. Mo ti ń gbàdúrà. — Ọmọ Òmùò, Houston

Ẹ tẹ̀ síwájú nínú àdúrà yín o, àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn. Ìdá 40 tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, owó orí lórí dúkìá olóògbé ni, èyí tí wọ́n ń gbà lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, tàbí ẹni tó ní dúkìá níbẹ̀. Bàbá yín ò gbé ibẹ̀, dúkìá ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ò dé Òmùò. Ogún tí ẹ gbà náà kì í ṣe owó tó wọlé lójú òfin wọn, ẹ ò ní san nǹkan kan lórí ẹ̀.

Ohun tó lè bá yín jà ni fọ́ọ̀mù. Tí gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ olóògbé tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà bá ju $100,000 lọ lọ́dún kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí nínú Form 3520. Owó ò sí níbẹ̀, ìfitónilétí lásán ni, àmọ́ tẹ́ ẹ ò bá fi ránṣẹ́, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ogún náà lóṣooṣù ni ìtanràn, ó lè gùn dé ìdá 25. Mo ti rí ẹni tó gbàgbé torí pé owó orí ò sí níbẹ̀, ó rò pé kò sí nǹkan tó kàn án. Ẹ gba ìwé iye tí oko àti ilé yẹn tó lọ́jọ́ tí bàbá kú, ó wúlò fún yín lẹ́ẹ̀mejì: ẹ fi mọ̀ bóyá ẹ kọjá $100,000, ẹ sì tún fi í pamọ́ torí tẹ́ ẹ bá tà á lọ́la, iye ọjọ́ ikú yẹn ni Amẹ́ríkà máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kì í ṣe iye tí bàbá rà á láyé ọjọ́un. Tí bàbá ra oko yẹn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà nígbà kan, tó sì tó mílíọ̀nù 30 lọ́jọ́ tó kú, tẹ́ ẹ tà á ní 31, mílíọ̀nù kan péré ni èrè yín lọ́dọ̀ wọn.

Owó epo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún, owó tó wọlé nìyẹn, Amẹ́ríkà ń ka owó tó wọlé fún ọmọ wọn níbikíbi láyé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti san owó orí ẹ̀ nílé, ẹ lè fi yọ nínú tiwọn, Form 1116 ni wọ́n ń fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí àkáǹtì ní báǹkì nílé fún owó oko, tí gbogbo àkáǹtì yín lókè òkun bá ju $10,000 lọ pa pọ̀ lọ́jọ́ kan péré nínú ọdún, ẹ tún ní FBAR láti kọ, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ àkáǹtì tó wà lókè òkun. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ẹ wá aṣírò owó tó mọ tìbí tó mọ tọ̀hún, ẹ má lo ẹni tó ń ṣe W-2 (fọ́ọ̀mù owó oṣù) nìkan.

Bàbá mi ló gba oko lọ́wọ́ ẹbí kan l'Ọ́yẹ́, à ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá mi ti kú, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ká wá san owó orí ogún kí n tó lè máa dá oko náà lọ. — Ọmọ Àgbẹ̀, Ọyẹ́-Èkìtì

Owó orí kọ́ lẹ máa san fún wọn, kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti gba owó orí, iṣẹ́ ìjọba ni. Ohun tí ẹ jẹ wọ́n ni ìṣákọ́lẹ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ san án. Land Use Act ò pa àjọṣe onílẹ̀ àti àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ run, kóòtù gíga jù sọ ọ́ lọ́dún 1991 nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu. Ẹ mú ẹmu àti obì lọ bá wọn, ẹ fi ara yín hàn pé ẹ̀yin lẹ dúró nípò bàbá, ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àwọn bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní ẹ fi owó kún ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn, kí ẹ jọ jókòó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ "owó orí" ni wọ́n ṣì ń pè é, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń dúró de rísíìtì EKIRS, àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ń gbà lọ́wọ́ yín gan-an, owó tó wọlé fún wọn ni, àwọn ló yẹ kó máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.